Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Jẹun Yó ní Taqueria Àdúgbò ní Houston, Tí Owó Ò Ní Kọjá $15

Ohun kan wà tó máa ń dà rú mọ́ àwọn ará wa lọ́wọ́ ní Houston, pàápàá àwa tá a wà lápá Bissonnet, Alief títí dé Hillcroft. Taqueria, ìyẹn ilé oúnjẹ Mẹ́síkò kékeré, wà lójú títì níbi gbogbo, ojoojúmọ́ la sì ń kọjá níwájú wọn, ṣùgbọ́n tá a bá wọlé báyìí a ò ní mọ ohun tá a máa sọ, a ó kàn na ìka sí fọ́tò tó tóbi jù lára ògiri, wọ́n á gbé bùrítò tó tó apá ọmọdé wá, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló kún inú ẹ̀, ṣíìsì àti kírímù kíkan ló bò ó mọ́lẹ̀, a ò ní lè jẹ ẹ́ dé ìdajì, owó á sì ti lọ. Ẹlòmíì á jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láìmọ̀. Ẹlòmíì á da ata aláwọ̀ ewé bo gbogbo oúnjẹ ẹ̀ torí ó rò pé píà ni wọ́n lọ̀. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní oúnjẹ Mẹ́síkò ò dáa.

Mi ò gbà o. Àwọn èèyàn tó ń se ahọ́n màlúù, ìfun, ṣàkì, orí màlúù, ẹsẹ̀ màlúù àti ẹran ewúrẹ́, tí wọ́n sì ń fi ata jẹ gbogbo ẹ̀, kí ló dé tí oúnjẹ wọn ò ní bá ọmọ Yorùbá lẹ́nu mu? Bá a ṣe ń béèrè ẹ̀ ni ò tíì yé wa. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìpele-ìpele.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

- Owó kéṣì. $20 tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí $1 àti $5 wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ò gba káàdì rárá, àwọn míì ò ní gbà á tí owó oúnjẹ yín ò bá tó iye kan.
- Àsìkò tó dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ barbacoa (ẹran orí màlúù), menudo (ọbẹ̀ ṣàkì) tàbí birria (ẹran tí wọ́n sè pẹ́ nínú ata), àárọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni kì í sè é láàrín ọ̀sẹ̀, tó bá sì di ọ̀sán ó ti lè tán.
- Ìpinnu lórí ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́ àbí ẹ kì í jẹ ẹ́? Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí òun ló máa pinnu ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa bá lórí mẹ́nù.
- Ọwọ́ tó mọ́. Ọwọ́ lẹ máa fi jẹun.
- Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì díẹ̀ tí mo máa kọ sísàlẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sínú fóònù.

Ìpele 1: Ẹ yan ibi tẹ́ ẹ máa wọ̀

Oríṣi méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni ilé oúnjẹ Tex-Mex ńlá, ìyẹn oúnjẹ Mẹ́síkò bí àwọn ará Texas ṣe ń sè é, ibi tí wọ́n ti máa ń gbé ṣípùsì àti ata síwájú yín lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ́ ẹ bá ṣe jókòó, tí fajita, ìyẹn ẹran yíyan pẹ̀lú àlùbọ́sà, máa ń hó ṣááá lórí páànù irin. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ga jù $15 tá à ń wí yìí. Èkejì ni taqueria fúnra ẹ̀: tábìlì díẹ̀, káńtà kan, nígbà míì inú ilé epo ló wà, nígbà míì ó jẹ́ ọkọ̀ oúnjẹ tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ. Èyí là ń wá.

Tẹ́ ẹ bá rí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lékọ́lé tí wọ́n tò síwájú ẹ̀ ní ago méjìlá ọ̀sán, ẹ dúró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àkọlé "tortillas hechas a mano", ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe tortilla (wọ́n ń pè é ní tọ-tí-ya), ìyẹn pẹlẹbẹ àgbàdo (tàbí fúláwà) tí wọ́n máa ń fi ẹran sínú ẹ̀, ẹ má kọjá ibẹ̀ rárá.

*Ẹ ṣọ́ra:* lójú títì kan náà ẹ máa rí "pupusería". Ti àwọn ará El Salvador àti Honduras nìyẹn, kì í ṣe ti Mẹ́síkò. Oúnjẹ wọn dùn dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ ẹran tí mo fẹ́ kọ yìí ò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo mẹ́nù tó wà lára ògiri. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹran ni wọ́n tò síbẹ̀, asada, lengua, tripas, barbacoa, ibi tó yẹ lẹ wà. Tó bá jẹ́ "Combo 1, Combo 2" nìkan, ẹ lè lọ wo iwájú díẹ̀ sí i.

Ìpele 2: Ẹ mọ orúkọ ẹran

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Tí orúkọ ẹran bá ti yé yín, gbogbo ohun tó kù á rọrùn, torí táàkò (tortilla kékeré tí wọ́n ká mọ́ ẹran), bùrítò (tortilla ńlá tí wọ́n fi wé gbogbo ẹ̀), torta (ìyẹn inú búrẹ́dì), quesadilla (tortilla tí wọ́n fi ṣíìsì sí láàárín), ẹran kan náà ló ń lọ sínú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n fi wé e ló yàtọ̀.

Ẹran màlúù nìwọ̀nyí:

- Asada: ẹran yíyan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Tẹ́ ò bá mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀.
- Bistec: ẹran tín-ín-rín tí wọ́n dín lórí irin gbígbóná.
- Lengua (léń-gua): ahọ́n. Wọ́n máa ń sè é pẹ́ gan-an, ó rọ̀ débi pé ahọ́n lè já a. Lójú tèmi, kò sí ẹran tó dùn tó o nínú táàkò. Ó máa ń wọ́n ju àwọn tó kù lọ díẹ̀.
- Cabeza: ẹran orí. Barbacoa sì jẹ́ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí orí màlúù ní Texas níbí, ó máa ń lọ́ràá.
- Tripas: ìfun tí wọ́n dín. Ẹ sọ fún wọn pé "bien doradas" kí wọ́n lè dín in gbẹ dáadáa. Tẹ́ ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ó lè rọ̀ pẹ̀lẹ̀kẹ̀ jù fún yín.
- Menudo: ọbẹ̀ ṣàkì pẹ̀lú àgbàdo funfun tó wú bí i ti inú ẹ̀gbo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ màlúù wà nínú ẹ̀, ẹ ní "con pata".
- Caldo de res: omi ọbẹ̀ ẹran eléegun, wọ́n máa ń gbé odindi gígé àgbàdo, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì sínú ẹ̀. Tí òtútù Jánúárì bá mú yín, ẹ jẹ ẹ́.

Ewúrẹ́: birria de chivo. Ẹ fetí sí "de chivo" yẹn o, torí birria de res màlúù ni, ó sì pọ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí wọ́n bá kàn kọ "birria", ẹ bi wọ́n: "¿De chivo o de res?"

Pollo ni adìẹ. Mojarra frita ni odindi ẹja tilápíà tí wọ́n dín, orí ẹ̀ máa ń wà lára ẹ̀, kò sì séwu níbẹ̀. Camarón ni edé ńlá.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nìwọ̀nyí, kẹ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: al pastor, carnitas, chorizo, buche, chicharrón, cueritos. Pozole náà, ìyẹn ọbẹ̀ àgbàdo funfun, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sè é.

*Ẹ ṣọ́ra gan-an níbí,* torí ohun mẹ́ta ló máa ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Àkọ́kọ́, al pastor. Wọ́n máa ń to ẹran náà sára irin tó ń yí níwájú iná, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ gé e sílẹ̀, ẹni tó ti ń jẹ ṣàwámà láti Èkó á rí i, á ní "à, ṣàwámà nìyí", á rò pé adìẹ tàbí màlúù ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ pupa torí ata gbígbẹ tí wọ́n fi kùn ún, wọ́n á sì gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé e. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, ó dùn. Èkejì, cueritos. Ẹ̀ẹ́ rí i, ẹ̀ẹ́ ní pọ̀nmọ́ ni. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni, kì í ṣe ti màlúù. Ẹ̀kẹta ni èyí tó pamọ́: ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní frijoles refritos, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in. Ọ̀rá yẹn lè wà nínú tamales náà (àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé wé), ó sì lè wà nínú tortilla onífúláwà. Manteca lorúkọ ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé "¿Los frijoles llevan manteca?"

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin Sẹ́fẹ́ńdè tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ há gbólóhùn kan yìí sórí: "No como puerco" (no kó-mo puẹ́r-ko), mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n máa gbọ́, wọn ò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kí n sọ, irin kan náà ni wọ́n sábà máa ń dín gbogbo ẹran lé, màlúù ibẹ̀ náà kì í sábà jẹ́ ẹran tí wọ́n dú lọ́nà hàlálì. Ẹni tó bá ń ṣọ́ èyí dáadáa, kó mú ẹja, ẹyin (huevos) tàbí quesadilla oníṣíìsì nìkan tí wọ́n fi tortilla àgbàdo ṣe, kó ní kí wọ́n nu irin náà kí wọ́n tó gbé e lé e.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pa fóònù dé, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹran màlúù mẹ́ta àti ti ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta látorí. Tó bá já geere, ẹ tẹ̀ síwájú. Tí ò bá já geere, ẹ padà sókè, torí ibi káńtà kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ìpele 3: Ẹ béèrè oúnjẹ

Ẹ kí wọn ná. Èmi ò tiẹ̀ yẹ kí n sọ èyí fún Yorùbá, ṣùgbọ́n ìjayà máa ń jẹ́ ká gbàgbé. "Buenos días" láàárọ̀, "buenas tardes" lẹ́yìn ago méjìlá ọ̀sán, "buenas noches" tílẹ̀ bá ti ṣú. Ìyá tó ti dàgbà, "señora" ni kẹ́ ẹ pè é. Ìwọ̀n ìkíni yìí máa ń ṣí ojú wọn sí yín, wọ́n á fara balẹ̀ ṣàlàyé fún yín. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Sípáníìṣì bá tán lẹ́nu yín ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì parí ẹ̀.

Bó ṣe máa lọ rèé: iye, "de", orúkọ ẹran. "Uno de asada, uno de lengua, uno de tripas." Ó parí. Táàkò taqueria kéré, mẹ́ta máa ń tó ẹni tí ebi ń pa níwọ̀nba, mẹ́rin fún ẹni tó ṣiṣẹ́ àárọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ẹran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, wọ́n sì máa ń sáré sọ ọ́:

"¿Maíz o harina?" Àgbàdo àbí fúláwà? Ẹ mú maíz. Àgbàdo ló bá ẹran yìí mu, òun náà ló dáa fún ẹni tó ń sá fún ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

"¿Con todo?" Ní taqueria, ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé cilantro sí i. Ẹ ní "sí". Tẹ́ ò bá fẹ́ àlùbọ́sà, "sin cebolla".

"¿Para aquí o para llevar?" Ṣé ibí lẹ ti máa jẹ ẹ́ àbí ẹ máa gbé e lọ?

*Ẹ ṣọ́ra:* wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ queso (ṣíìsì) tàbí aguacate (píà), ẹ̀ẹ́ sì dáhùn "sí, sí" torí ẹ fẹ́ kọ́rọ̀ náà tètè parí. Owó ni wọ́n máa fi kún un. Tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ lechuga àti tomate, ìyẹn lẹ́túùsì àti tòmátò tútù, ẹ ní rárá, ó máa ń sọ ẹran di títẹ́.

Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ìrẹsì, kó béèrè "plato", wọ́n á fún un ní ẹran, ìrẹsì, ẹ̀wà àti tortilla lọ́tọ̀. Ìrẹsì wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ torí tòmátò, ẹ má wá jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ẹ̀. Owó plato sì ju ti táàkò mẹ́ta lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ á kà á padà fún yín tàbí kó tẹ̀ ẹ́ sí rìsíìtì. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Tó bá kọ "pastor" níbi tẹ́ ẹ ti sọ "asada", ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Ìpele 4: Ata

Èmi fúnra mi mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá, a ti ń jẹ ata látìgbà tá a ti ń rákò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ò fi ní gbọ́ ìkìlọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ata wọn ò dà bíi tiwa nínú ọbẹ̀, tiwa ti pẹ́ lórí iná, òróró ti gbà á mọ́ra. Tiwọn, wọ́n kàn yan án díẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní tútù, ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ bá jà.

Salsa verde tó rí bí omi díẹ̀, aláwọ̀ ewé, tomatillo, ìyẹn èso aláwọ̀ ewé tó jọ tòmátò, ni wọ́n fi ṣe é, ó máa ń kan díẹ̀, òun ló sábà máa ń tutù jù. Èyí tó pupa tó sì ṣàn, ata chile de árbol ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ó ta. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, habanero ni, ẹbí kan náà lòun àti ata rodo, ẹ fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Èyí tó wá ń mú àwọn èèyàn jù ní Houston ni aláwọ̀ ewé tó ki, tó ń dán bí i pé píà ni. Kò sí píà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ o. Ata halapẹ́nyò ni, wọ́n fi òróró àti áyù lọ̀ ọ́ títí ó fi ki.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é: ẹ kán ìkán kan péré sí etí tortilla, ẹ jẹ ibẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ ka ọgbọ̀n. Ata tó ń pẹ́ dé ló pọ̀ nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tẹ́ ẹ lè gbé, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ẹran kẹ́ ẹ tó fi ata sí i, kíkan yẹn máa ń gbé ẹran náà jáde.

*Ẹ ṣọ́ra:* kárọ́ọ̀tì inú ìgò tàbí abọ́ kékeré tó wà pẹ̀lú halapẹ́nyò, inú omi ata kan náà ló ti wà, ó ń ta. Ẹ má fún ọmọdé.

Tí ata bá mú yín, omi ò ní ṣe nǹkan kan, torí ohun tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi. Ẹ béèrè crema, ìyẹn kírímù, ẹ fi sẹ́nu.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ adùn ẹran lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi ata sí i? Tó bá jẹ́ ata nìkan lẹ̀ ń gbọ́, ẹ dín in kù nínú táàkò tó kàn.

Ìpele 5: Ẹ jẹ ẹ́

Tortilla méjì ló máa ń wà lábẹ́ táàkò kan, kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀kan ń gbé èkejì ró kí omi ẹran má bàa fà á ya. Tí ẹran bá pọ̀, ẹ fa ọ̀kan yọ, ẹ pín ẹran sí i, ó ti di táàkò méjì.

Ẹ fi ìka mẹ́ta ká a, ẹ tẹ orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi ẹnu lọ bá a, ẹ má tẹ táàkò fúnra ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á dà sílẹ̀. Ẹ gbàgbé fọ́ọ̀kì. Ẹ má sì da ata sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ gbé e, kí tortilla tó kù má bàa rọ̀. Ẹ má gbé fóònù kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò títí tí ọ̀rá á fi dì, gbígbóná ló dùn.

Tí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń jẹun, wọ́n máa ń sọ pé "provecho", ìyẹn ni pé kí oúnjẹ náà ṣe é lóore. Ẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, "gracias".

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* wo abọ́ yín. Ìwọ̀nba ẹran díẹ̀ tó já bọ́ kò burú, ẹ fi tortilla tó kù kó o. Tó bá jẹ́ ìdajì ló wà nílẹ̀, táàkò lẹ tẹ̀, kì í ṣe orí.

Ìpele 6: Ohun mímu

Ẹ béèrè "agua de jamaica" (ha-mái-ka). Òdòdó ìṣápá ni, ìyẹn zobo, àmọ́ kì í sábà sí ata ilẹ̀ tàbí kànáfùrù nínú ẹ̀. Horchata jẹ́ omi ìrẹsì pẹ̀lú sínámọ́ọ̀nù, ó funfun. Ṣúgà máa ń pọ̀ nínú méjèèjì, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó mú "agua mineral", ìyẹn omi oní-gáàsì tí kò ní ṣúgà. Yìnyín wọn máa ń kún ife, "poco hielo" lẹ máa sọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohun mímu pọ̀ ju yìnyín lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* pupa rúsúrúsú ni jamaica yẹ kó jẹ́, kó sì kan díẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ sanwó

Ní ọ̀pọ̀ ibi wọn ò ní gbé bílì wá fún yín títí tẹ́ ẹ fi máa béèrè, àwọn èèyàn wa á jókòó, wọ́n á máa wojú, inú á máa bí wọn pé wọn ò kà wọ́n sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, lójú tiwọn, kéèyàn gbé bílì wá láìbéèrè dà bí i pé wọ́n ń lé àlejò. Ẹ ní "la cuenta, por favor". Níbòmíì, ẹ̀yin lẹ máa dìde lọ síbi "caja", ìyẹn ibi ìsanwó.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Táàkò kan sábà máa ń wà láàárín $2.50 sí $4. Ká ní $3 ni: mẹ́ta jẹ́ $9, jamaica $3, ó di $12. Táàsì Houston jẹ́ 8.25%, ìyẹn 99 sẹ́ńtì, ó di $12.99. Ẹ fi $2 ṣe típù, ó di $14.99. Ibi tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ wá bá yín lórí tábìlì, típù 15% sí 20% ló yẹ. Níbi ọkọ̀ oúnjẹ, ẹ ju $1 tàbí $2 sínú ìgò tó wà lórí káńtà. Àwọn tó ń dín ẹran níwájú iná yẹn ń ṣiṣẹ́ gidi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ wo rìsíìtì bóyá wọ́n ti kọ "propina" síbẹ̀. Wọ́n ti yọ típù nìyẹn, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 8: Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé

Táàkò tí wọ́n ti kó pọ̀ á ti rọ̀ kẹ́ ẹ tó dé Alief. Ẹ ní "todo aparte", kí ẹran wà lọ́tọ̀, tortilla lọ́tọ̀, ata àti àlùbọ́sà lọ́tọ̀. Ẹ ka àwọn ike ata kéékèèké tó wà nínú báàgì náà kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú káńtà, wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀.

Nílé, ẹ má fi tortilla sínú maikrowéfù, ó máa ń le bí i páálí tó bá tutù tán. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná láìsí òróró, kó gbóná dáadáa, ẹ tẹ́ tortilla sínú ẹ̀ fún bí i ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ yí i padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òdìkejì, ẹ wá fi aṣọ tó mọ́ wé wọn papọ̀ kí ooru má jáde. Páànù kan náà lẹ máa fi gbé ẹran gbóná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ká tortilla kan sí méjì. Tí kò bá ya níbi tẹ́ ẹ ti ká a, tẹ́ ẹ sì rí àmì dúdú kéékèèké lára ẹ̀, ó ti tó, ẹ kó ẹran sí i. Tó bá ya, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ dá a padà sórí páànù.